Àwọn ará Arméníà ní Glendale: ibo ni ilé wọn, ta sì ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ fún?

Ọmọ Ọwá (ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀)

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí gbogbo yín o. Ó ti pé ọdún mẹ́rin tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ní ìlú Glendale, lẹ́bàá Los Angeles, níbi tó jẹ́ pé bí ẹ bá pàdé èèyàn mẹ́wàá lójú pópó, ó ṣeé ṣe kí bíi mẹ́rin nínú wọn jẹ́ ọmọ Arméníà. Orúkọ ìdílé wọn kì í ṣòroó dá mọ̀, torí "-ian" tàbí "-yan" ló máa ń gbẹ̀yìn rẹ̀, èyí tó ń tọ́ka sí ọmọ tàbí ìdílé lágbájá.

Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹrin, àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ìlú yìí kì í ṣí, torí ọjọ́ yẹn ni wọ́n ń rántí àwọn ọmọ Arméníà tí wọ́n pa ní 1915. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ màmá kan tí mò ń tọ́jú lọ́jọ́ náà, ẹni ọdún 86, mo bá a tó ti wọ aṣọ dúdú, ó sì fi báàjì kékeré kan tó ní àwòrán òdòdó aláwọ̀ elése-àlùkò mọ́ àyà. Mo bi í pé ibo gan-an ni ìlú wọn, ó ní Marash. Mo wá Marash lórí máàpù, ilẹ̀ Tọ́kì ni mo ti rí i. Bẹ́ẹ̀, Beirut ni wọ́n bí màmá yìí sí, ọdún 1978 ló kó wá sí Amẹ́ríkà nígbà ogun Lẹ́bánónì, kò sì fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Tọ́kì rí. Arméníà fúnra rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré ló débẹ̀.

Ìyàwó ọmọ rẹ̀, ní tirẹ̀, Yerevan tí í ṣe olú-ìlú Arméníà ló ti wá. Bí ó bá wọlé láàárọ̀, yóò ní "barev", màmá yóò sì dáhùn pé "parev". Ìkíni kan náà ni, ṣùgbọ́n bí màmá ṣe máa ń tẹ ẹnu mọ́ "p" yẹn, ẹ ó mọ̀ pé ó ń tún ẹlòmíràn ṣe ni.

Ìbéèrè méjì ló wà lọ́kàn mi. Èkíní, kí ni irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ń pè ní ilé? Èkejì, báwo ni ẹ̀yà tí kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ṣe rí i ṣe tí Ilé Aṣòfin Amẹ́ríkà fi dìbò lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn?

Olùkọ́ Ìtàn

Àbúrò, ẹ ṣeun tí ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí wá. Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ ká mọ̀ ni pé ilẹ̀ Arméníà tó wà lórí máàpù lónìí kọ́ ni ọ̀pọ̀ àwọn ìdílé àtijọ́ tó wà lẹ́yìn odi ti ṣẹ̀. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ìjọba ńlá méjì ló pín ẹ̀yà náà mọ́ ara wọn lọ́wọ́: ìlà-oòrùn wà lábẹ́ Rọ́ṣíà, ìwọ̀-oòrùn wà lábẹ́ àwọn Ottoman, ìjọba ńlá tó ṣáájú Tọ́kì òde òní. Apá ìlà-oòrùn ló di orílẹ̀-èdè olómìnira ní 1918, tí àwọn Sófíẹ́ẹ̀tì gbà ní 1920, tó sì tún dá dúró ní 1991. Apá ìwọ̀-oòrùn ni ìparun já lé lórí.

Ní òru ọjọ́ 24 oṣù Kẹrin ọdún 1915, ìjọba Ottoman bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn òǹkọ̀wé, akéwì, dókítà àti àlùfáà tí wọ́n jẹ́ ọmọ Arméníà ní Constantinople, èyí tí a ń pè ní Istanbul báyìí, púpọ̀ nínú wọn kò sì délé mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n ń lé odindi ìlú jáde lọ sí aṣálẹ̀ Síríà. Wọ́n ya àwọn ọkùnrin sọ́tọ̀, wọ́n pa wọ́n, ebi, òùngbẹ àti àwọn adigunjalè sì pa obìnrin àti ọmọdé lójú ọ̀nà. Mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ ni iye òkú tí àwọn ọmọ Arméníà ń kà. Ìjọba Tọ́kì gbà pé èèyàn kú, ṣùgbọ́n títí di òní kò gbà pé ìpẹ̀yàrun ni ká pè é. Orí ìkọ̀jálẹ̀ yẹn ni gbogbo ìṣèlú tó tẹ̀ lé e dúró lé.

Ní ti Marash, àwọn tó ṣẹ́ kù padà síbẹ̀ lẹ́yìn ogun nígbà tí ọmọ ogun Faransé gba ìlú náà. Ní oṣù Kejì ọdún 1920, lẹ́yìn ìjà bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àwọn ọmọ ogun Faransé dìde lóru, wọ́n fi ìlú sílẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Arméníà sáré tẹ̀ lé wọn nínú yìnyín, òtútù sì pa ọ̀pọ̀ sójú ọ̀nà. Àwọn tó yè bọ́ gba Aleppo àti Beirut lọ. Ní Beirut, àgọ́ tó wà ní Karantina létí èbúté ni wọ́n kọ́kọ́ gbé, kí wọ́n tó lọ ra ilẹ̀ àbàtà ní òdìkejì odò, tí wọ́n kọ́ Bourj Hammoud síbẹ̀. Ẹ wo orúkọ àwọn àdúgbò rẹ̀: Nor Marash, Nor Adana, Nor Sis. "Nor" túmọ̀ sí tuntun. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé Marash Tuntun ni wọ́n bí màmá yín sí, ẹ bi í wò. Irú rẹ̀ kò ṣàjèjì sí àwa náà: nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé tú, Àgọ́ Ọjà ni Àtìbà sọ di Ọ̀yọ́, orúkọ sì ń bá a lọ bí ẹni pé ìlú kò kúrò lójú kan.

Ìyá Táyé

Ẹ kú àlàyé o, Olùkọ́. Ẹ jọ̀wọ́, nígbà tí mo lọ kí ọmọ mi ní Amẹ́ríkà, mo rí ṣọ́ọ̀ṣì Arméníà méjì tí wọn kò jìnnà síra, orílé kan náà tó ṣe ṣóńṣó, àgbélébùú kan náà, wọ́n sì sọ fún mi pé wọn kò sí lábẹ́ bíṣọ́ọ̀bù kan náà. Ṣé ìjọ méjì ni wọ́n ni?

Ará Boston

Màmá, ìgbàgbọ́ kan náà ni, àṣẹ méjì ni. Ìtòsí Watertown ni mò ń gbé, ní Massachusetts, níbi tí àwọn èèyàn wọn ti wà kí Los Angeles tó di nǹkan, mo sì ti gbọ́ ìtàn yìí lẹ́nu apá méjèèjì.

Olórí ìjọ wọn ni wọ́n ń pè ní Katolikos. Ọ̀kan wà ní Etchmiadzin, ní Arméníà. Èkejì jẹ́ ti Kilikia, agbègbè kan ní gúúsù ilẹ̀ Tọ́kì òde òní, àmọ́ ó ti wà ní Antelias, ní Lẹ́bánónì, láti 1930. Nígbà tí Sófíẹ́ẹ̀tì gba Arméníà, àwọn ará òkèèrè pín sí méjì. Àwọn kan ní, búburú ni o, rere ni o, ilé ni ilé. Ẹgbẹ́ Dashnak, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Tiflis (Tbilisi òde òní, ní Georgia) ní 1890 tí wọ́n sì ṣe ìjọba 1918, ní àwọn kò ní tẹrí ba fún Moscow láé.

Ní oṣù Keje ọdún 1933, níbi ìpàtẹ àgbáyé tó wáyé ní Chicago, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Leon Tourian kọ̀ láti sọ̀rọ̀ àfi bí wọ́n bá gbé àsíá aláwọ̀ mẹ́ta ti ìjọba 1918 kúrò lórí pèpéle. Inú bí àwọn Dashnak. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá ọdún kan náà, bó ti ń tò wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì Holy Cross ní New York pẹ̀lú àwọn akọrin, àwọn kan yí i ká láàárín ìjọ, wọ́n gún un lọ́bẹ pa. Ilé ẹjọ́ dá ọkùnrin mẹ́sàn-án lẹ́bi. Láti ìgbà náà ni ìjọ ti pín sí méjì ní Amẹ́ríkà, nígbà tó sì di 1957, Antelias gba àwọn tó yapa, ìyẹn apá Dashnak, sábẹ́ àṣẹ rẹ̀. Aládùúgbò mi kan sọ fún mi pé ìyá òun àti àbúrò ìyá òun kò jọ ṣe ìsìn Kérésìmesì rí títí wọ́n fi kú, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ 6 oṣù Kìíní kan náà ni àwọn méjèèjì ń ṣe é.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tó máa ń yà mí lẹ́nu. Ìjà yìí ló fà á tí ìlú kan fi ń ní gbọ̀ngàn méjì, ìwé ìròyìn méjì, àti ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ méjì. Apá kan ní Homenetmen fún eré ìdárayá àti Sikáòtù, apá kejì a gbára lé AGBU, ẹgbẹ́ àánú tí Boghos Nubar dá sílẹ̀ ní Cairo ní 1906. Ìwé ìròyìn Hairenik ti wà láti 1899. Bí apá kan bá kọ́ ilé ẹ̀kọ́, apá kejì kì í sùn. Mi ò sọ pé ikú bíṣọ́ọ̀bù dára o, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ẹ̀yà tí orogún ṣe lóore tó báyìí.

Àjàlá Kékeré

Ẹ jẹ́ kí n fi ti ilẹ̀ Áfíríkà kún un. Ní 1924, Ras Tafari, tó padà di Haile Selassie, dé Jerúsálẹ́mù, ó rí àwọn ọmọ òrukàn Arméníà tí wọ́n ń fun fèrè, ó sì gba ogójì nínú wọn lọ sí Addis Ababa. Arba Lijoch ni wọ́n ń pè wọ́n, ìyẹn "ogójì ọmọ" ní èdè Amharic. Kevork Nalbandian, ọ̀gá wọn nínú orin, ló ṣe ohùn orin orílẹ̀-èdè Etiópíà tí wọ́n lò títí di ìgbà tí wọ́n lé ọba kúrò. Ṣọ́ọ̀ṣì wọn ṣì wà ní Addis títí di òní, àwọn èèyàn inú rẹ̀ ló ti dín kù.

Agbẹnusọ

Mo fẹ́ dáhùn ìbéèrè kejì, torí ìtòsí Washington ni mo ti ń jẹun.

Ẹgbẹ́ méjì ló wà nídìí rẹ̀: Armenian Assembly of America, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1972, àti ANCA (Armenian National Committee of America), tó sún mọ́ àwọn Dashnak. Ẹ rí i pé méjì náà ni níbí. Iṣẹ́ wọn kì í ṣe idán. ANCA a máa fún àwọn aṣòfin ní máàkì bí tíṣà ṣe ń fún ọmọ ilé ẹ̀kọ́, wọn a sì gbé máàkì náà dé iwájú àwọn olùdìbò ní Glendale, Fresno àti Watertown. Aṣòfin tó bá mọ̀ pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ní àdúgbò òun ń fi nǹkan kan ṣoṣo dá òun lẹ́jọ́, kò ní gbàgbé nǹkan náà. Kalifóníà tilẹ̀ ti ní gómìnà tó jẹ́ ọmọ wọn, George Deukmejian, láti 1983 dé 1991.

Síbẹ̀, ẹ má ṣe rò pé ọ̀nà náà tẹ́jú. Ní 2000, ìwé ìpinnu lórí ìpẹ̀yàrun náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dé orí ìbò, Ààrẹ Clinton bẹ olórí ilé, wọ́n ká a kúrò nílẹ̀. Ní 2007, ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè fọwọ́ sí i pẹ̀lú ìbò 27 sí 21, Tọ́kì pe aṣojú rẹ̀ padà sílé, wọ́n sì tún gbé e tì. Obama ṣèlérí nígbà ìpolongo 2008 pé òun yóò pe ọ̀rọ̀ náà lórúkọ. Nígbà tó gorí àga, "Meds Yeghern" ló ń sọ lọ́dọọdún, ìyẹn "ìwà ọ̀daràn ńlá" ní èdè wọn. Ọgbọ́n rẹ̀ ni pé ó fi èdè ẹni tí ó ń ṣọ̀fọ̀ yẹ ẹ̀bẹ̀ ẹni tí ó ń ṣọ̀fọ̀ sílẹ̀.

Kí ló wá yí padà ní 2019? Ní oṣù Kẹwàá ọdún náà, Tọ́kì gbé ogun wọ àríwá Síríà, ó kọlu àwọn Kurd tí wọ́n ń ran Amẹ́ríkà lọ́wọ́ lójú ogun, inú sì bí àwọn aṣòfin nínú ẹgbẹ́ méjèèjì. Ní ọjọ́ 29 oṣù náà, Ilé Aṣojú-ṣòfin dìbò, 405 fara mọ́ ọn, 11 kọ̀ ọ́. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá, Ilé Aṣòfin Àgbà fọwọ́ sí tiwọn láìsí ẹni tó takò ó. Ààrẹ Biden sọ ọ́ jáde ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹrin ọdún 2021. Lójú tèmi, Tọ́kì fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Ohun tí àwọn ọmọ Arméníà ṣe ni pé wọ́n ti dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn náà láti nǹkan bí ogójì ọdún, ìwé lọ́wọ́, wọn kò sì jẹ́ kí ẹsẹ̀ kó wọn lọ sílé.

Ọmọ Balógun

Ẹ̀gbọ́n Agbẹnusọ, mo ka ọ̀rọ̀ yín, mo sì bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n béèrè ohun tí kò dùn. Kí ni 405 sí 11 ṣe fún ẹni tó wà lójú ogun?

Ọjọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2020 ni ogun bẹ̀rẹ̀ ní Nagorno-Karabakh, agbègbè tí àwọn ọmọ Arméníà ń gbé nínú ààlà Azerbaijan nígbà náà, tí àwọn fúnra wọn ń pè ní Artsakh. Ọjọ́ 44 ló gbà, Azerbaijan sì borí, Tọ́kì wà lẹ́yìn rẹ̀. Láti ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 2022, wọ́n dí ọ̀nà Lachin tí í ṣe ọ̀nà kan ṣoṣo tó so ibẹ̀ mọ́ Arméníà, oúnjẹ àti oògùn sì wọ́n títí tó fi di oṣù Kẹsàn-án 2023. Nígbà tí Azerbaijan kọlù wọ́n ní ọjọ́ 19 oṣù náà, ọjọ́ kejì ni wọ́n juwọ́ sílẹ̀. Láàárín bí ọ̀sẹ̀ kan, ó lé ní 100,000 èèyàn tó di ẹrù sínú mọ́tò tó sì fi ilẹ̀ bàbá wọn sílẹ̀. Òfin kan ti wà ní Amẹ́ríkà láti 1992 tó dí ìrànlọ́wọ́ ìjọba fún Azerbaijan lọ́nà, èyí tí àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí jà fún, ṣùgbọ́n lẹ́yìn 2001 ni àwọn ààrẹ gba àyè láti máa dá a dúró, wọ́n sì dá a dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n gba ọ̀rọ̀ lórí òkú, wọn kò rí ààbò gbà fún alààyè.

Agbẹnusọ

Mi ò lè jiyàn yẹn. Ẹ jẹ́ kí n tilẹ̀ fi èyí tó korò jù kún un. Ọ̀nà tó gba Lachin kọjá, láti Goris ní Arméníà dé Stepanakert tí í ṣe olú-ìlú Karabakh, owó àwọn ará òkèèrè ni wọ́n fi tún un ṣe ní àwọn ọdún 1990, nípasẹ̀ àpò owó Hayastan tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1992, èyí tí wọ́n máa ń kó owó fún lórí tẹlifíṣọ̀n ní Los Angeles ní ọjọ́ Ìdúpẹ́ àwọn ará Amẹ́ríkà. Àwọn ọmọdé gan-an a máa mú kóló wá. Ọ̀nà yẹn náà ni wọ́n dí, òun náà sì ni wọ́n gbà sá jáde.

Olùkọ́ Ìtàn

Ibí ni ọ̀rọ̀ "ta ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ fún" ti dé. Tọ́kì ti ti ààlà rẹ̀ pẹ̀lú Arméníà pa láti 1993. Ẹni tó ń tajà ní Gyumri, tó ń wo ààlà yẹn lójoojúmọ́, lè fẹ́ kó ṣí, kí ọjà rẹ̀ tà. Ẹni tó wà ní Glendale, tí bàbá bàbá rẹ̀ kú sí aṣálẹ̀, ń fẹ́ kí Tọ́kì kọ́kọ́ jẹ́wọ́. N kò rí èyí tó jẹ̀bi nínú wọn. Ṣùgbọ́n ẹnì kan nínú wọn ló máa sun inú ilé tí ìbọn lè dé.

Ìjọba Arméníà pàápàá kò dúró sójú kan. Wọ́n fàyè gba jíjẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè méjì ní 2007, wọ́n dá iléeṣẹ́ ìjọba kan sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ àwọn ará òkèèrè ní 2008, wọ́n pa á rẹ́ ní 2019, wọ́n fi ọ́fíìsì kọmíṣọ́nnà àgbà rọ́pò rẹ̀. Pashinyan tó ń ṣe olórí ìjọba ti ń tẹnu mọ́ ọn pé Arméníà tó wà nílẹ̀ ni kí wọ́n tọ́jú, kí wọ́n yé lépa Arméníà inú ìtàn. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹjọ ọdún 2025, òun àti Aliyev, ààrẹ Azerbaijan, jókòó ní Washington níwájú Trump, wọ́n fọwọ́ sí ìwé lórí àlàáfíà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ òkèèrè bínú sí i. Ó ń rí bákan kí ẹgbẹ́ tó ń gba ẹjọ́ orílẹ̀-èdè rò máa tako ẹni tí orílẹ̀-èdè náà dìbò yàn, ṣùgbọ́n tí ẹ bá rántí Marash, ẹ ó rí i pé Yerevan kọ́ ló bí wọn.

Tíṣà Peckham

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, gbogbo yín ti sọ̀rọ̀ ìjọba, ẹ gbàgbé "parev" tí àbúrò wa fi bẹ̀rẹ̀. Mò ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní Yorùbá lọ́jọ́ Sátidé ní Lọ́ńdọ̀nù, nítorí náà etí mi kì í fò ó.

"Parev" jẹ́ Arméníà ti ìwọ̀-oòrùn, èyí tí àwọn tí wọ́n lé jáde ń sọ. "Barev" jẹ́ ti ìlà-oòrùn, tí wọ́n ń sọ ní Arméníà àti ní Ìránì. Wọ́n lè gbọ́ ara wọn yé, àmọ́ àkọtọ́ pàápàá yàtọ̀, torí pé Sófíẹ́ẹ̀tì tún àkọtọ́ ti Arméníà ṣe ní àwọn ọdún 1920, àwọn ará òkèèrè sì di èyí àtijọ́ mú. Ní 2010, UNESCO ka èdè ìwọ̀-oòrùn mọ́ àwọn èdè tó wà nínú ewu. Ẹ rò ó wò: èdè kan tó ní ìwé ìròyìn, tó ní ilé ẹ̀kọ́ tí àwọn òbí ń san owó rẹ̀, tó ní owó àjọ ọlọ́rẹ Gulbenkian láti Lisbon lẹ́yìn rẹ̀, ó ṣì wà nínú ewu. Kò ní ìjọba tí ń lò ó ní ọ́fíìsì, kò sì ní abúlé tí ọmọdé ti ń fi í bú ara wọn nígbà eré. Níbi tí èdè ti ń yè nìyẹn, kì í ṣe inú kíláàsì mi.

Mo gbọ́ ọ nílé ìwé kan tí mo lọ wò ní ìwọ̀-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù: tíṣà béèrè ọ̀rọ̀ ní èdè Arméníà, ọmọ dáhùn ní Gẹ̀ẹ́sì, tíṣà tún béèrè, ọmọ tún dáhùn ní Gẹ̀ẹ́sì, kò sì sí ẹni tó bínú nínú àwọn méjèèjì. Mo rẹ́rìn-ín, torí ó dà bí ẹni pé wọ́n gbé kíláàsì mi wá síbẹ̀. Àbúrò, ọmọ ọmọ màmá yín ńkọ́, èwo ló ń sọ?

Ọmọ Ọwá

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà. Mo dé ọ̀dọ̀ màmá lánàá, mo sì bi í.

Òótọ́ ni Olùkọ́ sọ, Nor Marash ni. Ó gba bírò lọ́wọ́ mi, ó ya òpópónà náà sẹ́yìn ìwé oògùn: ilé wọn nìyí, ṣọ́ọ̀ṣì nìyí, ibi tí ìyá rẹ̀ ti ń gbé ẹran lílọ̀ wá fún oníbúrẹ́dì kó fi yan lahmajoun nìyí, torí wọn kò ní ààrò nílé. Mo ní Marash àkọ́kọ́ ńkọ́, ó ní bàbá òun mọ ọ̀nà ibẹ̀, òun kò mọ̀ ọ́n. Mo dárúkọ Pashinyan, ó pa mí lẹ́nu mọ́. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ wà ní kíṣìnnì, ó dáhùn láti ibẹ̀, àwọn méjèèjì sì sọ̀rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní oríṣi èdè méjì tí n kò gbọ́ ìkankan nínú rẹ̀. Ọmọ ọmọ rẹ̀, ẹni ọdún mẹ́tàlá, ló ń túmọ̀ fún mi ní Gẹ̀ẹ́sì láìgbójú sókè lára fóònù, nítorí náà Tíṣà, ó ń gbọ́ méjèèjì, kì í sọ ọ̀kankan.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ rọlẹ̀, màmá bi mí pé èmi náà ńkọ́, kí ni orúkọ ìlú mi. Mo ní Iléṣà. Ó ní kí n tún un pè, mo tún un pè. Ó fi lẹ́tà tiwọn kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán òpópónà náà: Իլեշա. Ó dùn mọ́ ọn pé àwọn ní lẹ́tà kan tó bá "ṣ" wa mu rẹ́gí, láti ọdún 405 tí Mesrop Mashtots ti ṣe é. Mo bi í pé níbo la máa fi àmì ohùn sí, ó ní kí n lọ gbé oògùn òun wá, aago mẹ́rin ti kọjá.